Bí ẹ ṣe lè ṣòfin àdúgbò tí àwọn èèyàn á tẹ̀lé láìjẹ́ pé ẹ̀ ń lé wọn kiri

Àdúgbò kan tí mo gbé rí, owó ọdẹ lásán ló fẹ́ẹ̀ dá ìjà ìgboro sílẹ̀. Alaalẹ́ ni ṣíámánù ń kanlẹ̀kùn, àwọn kan á ti géètì mọ́ ọn, àwọn kan á ní tèṣí dà, ta ló kó o. Kì í sì í ṣe pé wọ́n lahun o, torí àwọn yìí kan náà ni wọ́n máa ń dáwó tẹ́nì kan bá kú ládùúgbò láìjẹ́ pé ẹnì kankan bẹ̀ wọ́n. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé kò sẹ́ni tó bá wọn ṣàdéhùn kankan, wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni wọ́n bá gbèsè lọ́rùn wọn.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ má fowó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe mítìnì kẹ́ ẹ jẹ́ kí kálukú sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, bóyá olè ni o, bóyá àgbàrá ni o, bóyá taransífọ́mà ni. Thomas Hobbes, òyìnbó ilẹ̀ England tí ogun abẹ́lé jà nílẹ̀ ẹ̀ láyé ìgbà ẹ̀, ti sọ ọ́ ní 1651 pé ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbé agbára fún ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ayálégbé náà o! Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti ń ṣì í ṣe nìyẹn. Ayálégbé lolè máa ká mọ́lé, òun lẹ máa mú bíìlì wá bá, àmọ́ tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣòfin ẹ ó ní kò kàn án. Ní ibì kan báyìí, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ti géètì, nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ dé láago mọ́kànlá ló ń dúró síta nínú òkùnkùn, torí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú aago.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba ọgbọ́n jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ òṣèlú, ti wí i ní 1975 pé oríṣi owó gbogbogbòò méjì ló wà lọ́kàn wa: owó ẹgbẹ́ ìlú ẹni, tẹ́ni tó bá jẹ ẹ́ ò ní lè gbójú sókè, àti owó ìjọba, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fẹ́ni tó bá rí tiẹ̀ bù wálé. (Ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé a kì í làágùn ṣe iṣẹ́ ìjọba.) Iṣẹ́ yín ni pé kówó àdúgbò má bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i ní báǹkì, kí akápò má jẹ́ ìyàwó tàbí àbúrò ṣíámánù, kẹ́ ẹ sì máa ya fọ́tò rìsíìtì sórí WhatsApp lóṣooṣù, kódà tó bá jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo lẹ rà.

Ẹ kọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ yín pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ jẹ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 14 ní ààbò àti ìgbáyégbádùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba, abala 6 wá ní ẹ ò lè torí ìyẹn pè é lẹ́jọ́. Àdéhùn wo nìyẹn? Tiyín, ẹ kọ ọ́ pé tí ọdẹ ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á yọ owó ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ṣíámánù nípò kẹ́ ẹ tó yàn án. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Aláàfin bá ti le jù, Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè tó ń fọba jẹ, á ní kó ṣígbá wò, ó di dandan kó kú nìyẹn. Àmọ́ Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì tó ń yọ ọba, wá di ẹni tápá ò ká mọ́, títí di 1774 tí Aláàfin Abíọ́dún borí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní káwọn tó ń yẹ ìwé owó wò náà máa pààrọ̀ lọ́dọọdún.

Ẹni tí ò bá san ńkọ́? Ẹ má já iná ẹ̀, ẹ má tì í mọ́ta, ẹ kì í ṣe ọlọ́pàá, ẹ má sì tètè lẹ orúkọ ẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹ rán àgbàlagbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún sí i. Baba kan ládùúgbò tiwa ò san fún ọdún méjì, nígbà tí wọ́n bi í ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé owó wá kóun rí i. Wọ́n gbé e wá, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, ó san gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wá fi ibi tí akápò ti ṣìṣirò hàn án.