Bí a ṣe ń fi kòkòrò ọdẹ pa iná ara erè

Erè kékeré tí àwọn àgbẹ̀ Kétu ń bá pàdé nínú ihò lóko ni ọ̀pọ̀ èèyàn kárí ayé ń sìn nínú ilé. Tí a bá mú un wálé sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kì í sábà dá wá: eégbọn àti iná máa ń bá a wá. Eégbọn ò le, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú níbi tó ti wọ awọ, kí ẹ rọra fà á yọ. Iná, kòkòrò wíńwín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ophionyssus natricis, ló ń dá èèyàn lágara. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ títí okun erè á fi tán, ó sì lè kó àrùn ràn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré fọ́n oògùn ẹ̀fọn sínú àpótí rẹ̀. Kòkòrò ọdẹ wà tó ń jẹ iná, tí kì í bu erè tàbí èèyàn jẹ. Irú iṣẹ́ yìí ò ṣàjèjì ní orílẹ̀-èdè Benin: lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tú irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kan, Typhlodromalus aripo, tí wọ́n kó wá láti Brazil, sínú oko ẹ̀gẹ́ wa láti jẹ kòkòrò tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé iná ni. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu erè. Ohun dúdú wíńwín tó bá ń rìn lórí aṣọ, òun ni. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀bá ojú dáadáa. Erè tí kì í fẹ́ jáde nínú omi náà, ẹ fura sí i.

Ìmọ́tótó ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Abo iná kì í yé ẹyin sára erè. Inú ihò igi àti igun àpótí ló ń yé e sí, ó sì lè yé 60 sí 80. Ẹ kó ìtẹ́, ìyẹn ohun tí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀ àpótí, jáde, ẹ sun ún, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ àpótí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi apakòkòrò kankan kàn án, torí ohun tó ń pa iná ń pa ọdẹ náà. Àpótí tí ẹ bá ti fọ́n oògùn sí tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Oríṣi ọdẹ méjì ni wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Stratiolaelaps scimitus fẹ́ràn ìtẹ́ tó lọ́rinrin, bí iyẹ̀pẹ̀ tàbí èèpo àgbọn. Cheyletus eruditus ló dára fún ìtẹ́ gbígbẹ. Ẹ gba ìyọ̀nda ìjọba kí ẹ tó kó wọn wọlé. Ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n o! Ẹ má gbé wọn sórí zémidjan (ọ̀kadà) nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má sì kó wọn sínú fíríìjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ rọra yí ike wọn sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè pò mọ́ra, kí ẹ wá dà wọ́n sórí ìtẹ́ àti sí àwọn igun. Tí díẹ̀ bá bọ́ sára erè, kò burú. Ìgbẹ́ nìkan ni kí ẹ máa kó. Ẹ má pààrọ̀ ìtẹ́ fún oṣù kan. Ẹyin iná máa ń dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú ooru tiwa, nítorí náà ẹ da ọdẹ mìíràn sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí iná bá tán, ebi á pa àwọn ọdẹ náà, wọ́n á sì kú fúnra wọn.

Tí ẹnu erè bá ti funfun, tí kò sì lágbára mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Tí ẹ bá ní ìjàpá nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un ní ivermectin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń gún màlúù, ó lè pa á.

Erè tuntun gbọ́dọ̀ dá gbé nínú yàrá mìíràn fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Tòun ni kí ẹ tọ́jú kẹ́yìn lójoojúmọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́, torí iná máa ń bá ọwọ́ àti aṣọ rìn.