Bí mo ṣe kọ́ láti gbọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀

Iṣẹ́ mi ní London ni kí n máa ran àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lọ́wọ́. Aphasia là ń pè é, ó sì máa ń ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, pàápàá tó bá jẹ́ apá òsì ọpọlọ ló fara pa. Ọgbọ́n wọn ṣì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ padà. Kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ohun tí mo máa ṣe bí àgbàlagbà bá bú sẹ́kún lórí àwòrán ṣíbí tí kò lè dárúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbaninímọ̀ràn tí wọ́n ṣe fún irú wa.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe apá kìíní, mi ò ní fi ìyẹn pẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí SADQ, ìwé ìbéèrè tí Sutcliffe àti Lincoln gbé jáde ní 1998 láti fi wá àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ẹni tó ní aphasia. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n ń bi: ṣé ó máa ń sunkún? Oorun rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ̀nà tí Aura Kagan ti Toronto ní Kánádà ń gbà bá ẹni tó ní aphasia sọ̀rọ̀: sọ fún ẹni náà pé o mọ̀ pé ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kọ kókó ọ̀rọ̀ gàdàgbà sórí ìwé, kí o sì bi í bóyá ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn.

Apá kejì ló le. Wọ́n pín wa ní méjì-méjì. Ẹni tó ṣe aláìsàn kò ní ju "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá" àti bírò lọ. Òfin ibẹ̀: má kánjú tù ú nínú. Èmi ọmọ Yorùbá! Kí ẹnìkejì mi tó mí kanlẹ̀ tán, "ẹ pẹ̀lẹ́, á dáa, Ọlọ́run wà" ti dé góńgó ahọ́n mi. Àdúrà dáa o. Ṣùgbọ́n bó bá yá jù, ó ń pa ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú jáde, ẹni náà kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi dá wa padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ lò ó fún ni bàbá kan, ọmọ Yorùbá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Bàbá ná." Mo fa ìlà láti 0 dé 10, mo ya ojú tó fajú ro sí 0, èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí 10. Ọwọ́ òsì tó kù ni Bàbá fi tọ́ka sí 3.

Mi ò bi í ìdí tí kò fi jẹ́ 10. Ọ̀nà ìgbaninímọ̀ràn tí Steve de Shazer àti ìyàwó rẹ̀ Insoo Kim Berg dá sílẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́ wa: béèrè ohun tó gbé e dé 3, tí kò fi wà ní 0. Bàbá ronú títí, ó wá ń fi ìka ju nǹkan sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ ti lanu, mo gbọ́wọ́ sókè. Mo kọ "owó?" Rárá. "Oògùn?" Rárá, ojú ti ń kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ayò?"

"Ayò!" Ó jáde ketekete. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ta á.

Mo ní kí ni yóò gbé e dé 4. Fóònù ló tọ́ka sí, ó sì mi orí. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Títa ayò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà a kọ orúkọ ọ̀rẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n máa pè wá sílé.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù ni mo ń gbé o. Bí ẹnì kan bá fi hàn pé ẹ̀mí òun ti sú òun, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ni mo ń pè lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì máa ń fún un ní ìwé tí a jọ kọ nǹkan sí, kí aláìsàn má bàa tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.