Bí a ṣe lè yan kọ́ọ̀sì fún ọmọ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Sáríà

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí ó ń gbé ní Sábọ̀n Gàrí ní Sáríà, ní Kàdúná tàbí ní Kánò máa ń kọ Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) sínú fọ́ọ̀mù JAMB ọmọ wọn nítorí pé ilé ìwé náà súnmọ́ ilé, tí orúkọ rẹ̀ sì gbajúmọ̀. Ìdí méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Yunifásítì yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a so pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí a so pọ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà yóò mọ kọ́ọ̀sì tí ó ti ta gbòǹgbò níbẹ̀ àti ọgbà tí ọmọ yóò ti kàwé. Nítorí náà, ìtàn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan fọ́ọ̀mù.

Ní ọdún 1960, ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò, dábàá pé kí a dá yunifásítì sí i sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ẹkùn Àríwá. Yunifásítì Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n orúkọ Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó tí ó jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà, ni wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1962. Akẹ́kọ̀ọ́ 426 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Norman Alexander ni gíwá àkọ́kọ́. Ishaya Audu, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ipò náà mú, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966. Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ohun tí ó sì mú kí ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí gbígba akẹ́kọ̀ọ́ máa dé ibẹ̀ títí di òní nìyẹn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó ń yan kọ́ọ̀sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n so pọ̀ náà. Èkíní ni ẹ̀ka Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nàìjíríà fún Iṣẹ́ Ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, tí ó wà ní Sáríà, nígbà tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ yòókù wà ní Ìbàdàn àti Enugu. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ní ìpìlẹ̀ kí yunifásítì tó dé. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dá Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Ọnà Sáríà sílẹ̀ ní 1958. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, ọmọ Yorùbá láti Èkó, wà lára wọn. Wọ́n kọ̀ láti máa ya àwòrán bí àwọn òyìnbó olùkọ́ ṣe ń yà á nìkan, wọ́n sì mú àṣà ilẹ̀ wọn wọ inú iṣẹ́ wọn. Òbí tí ó bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ kò mọ ìlú tí òun ń gbé.

Èkejì ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Sámárù, ibi tí ọgbà ńlá ABU wà ní Sáríà; ilé ìwádìí náà ju yunifásítì lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni ó di Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IAR, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn bí òwú, ẹ̀pà, ọkà bàbà àti ẹ̀wà. Ọmọ tí ó bá kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ABU ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìwádìí gidi, àǹfààní tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní. Lójú tèmi, kọ́ọ̀sì yìí ni àwọn ará wa fojú kéré jù ní Àríwá. Ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko náà ti pẹ́, ó sì bójú mu ní agbègbè tí màlúù àti àgùntàn pọ̀ tó báyìí. Ẹni tí ó fẹ́ràn físíìsì kí ó mọ̀ pé Ibùdó Ìwádìí Agbára ti ABU ní ẹ̀rọ núkíláà kékeré kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Kì í ṣe iná mànàmáná ni ó ń pèsè, ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ni ó wà fún.

Ẹ̀kẹta ni Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso, tí ó wà ní Kóńgò, ọgbà ABU mìíràn nínú Sáríà. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣàkóso fi wà ní Kóńgò di òní, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ka yòókù wà ní Sámárù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Kánò náà wà lábẹ́ ABU tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yà kúrò, òun ni ó di Yunifásítì Bayero. Ẹni tí ó ń gbé Kánò lè fi àwọn méjèèjì wéra kí ó tó pinnu.

Nígbà tí kọ́ọ̀sì bá ti dúró, ẹ wo iye ọdún tí yóò gbà. Ọdún 6 ni ti ìṣègùn àti ìṣègùn ẹranko, ọdún 5 ni ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ òfin fún ẹni tí ó bá gba JAMB wọlé, ọdún 4 sì ni ti ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yan iṣẹ́ mẹ́rin tí ọmọ yóò ṣe nínú JAMB. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, ìbéèrè 60 sì ni tirẹ̀. 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù. Fún ìṣègùn, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni. Fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò ni yóò rọ́pò bàọ́lọ́jì. Fún ìmọ̀ òfin, lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àti ìṣirò fún kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, ni ẹ gbọ́dọ̀ rí dájú kí ẹ tó náwó lé ohun mìíràn.

Ibi tí àwọn òbí Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 àyè wà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù, láìka ibi tí ó ti wá sí; ìdá 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí a kà sí agbègbè yunifásítì náà; ìdá 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ dáadáa. Ìpínlẹ̀ tí ìdílé ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tí a bí ọmọ sí. Ọmọ tí a bí ní Sáríà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni nínú ìwé. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ múra láti jà fún ìdá 45 náà, kí ó má ṣe fi máàkì tí ó kàn tó lé ọkàn balẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin tàbí Kàbà kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé Kwara àti Kogi wà nínú ìpínlẹ̀ Àríwá; kí wọ́n wo ìwé ìlànà JAMB tọdún náà láti rí ibi tí a to ìpínlẹ̀ wọn sí fún ABU. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé àwọn lè bá yín ra ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn. Irọ́ inú ìwé lè gba àyè lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ó ti wọlé tán.

Ẹni tí JAMB kò bá gbè ṣì ní ọ̀nà mìíràn nítòsí. ABU ni ó ń darí ìdánwò IJMB, tí ó ti wà láti ọdún 1970 àti díẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ẹni tí ó bá sì yege lè fi èsì rẹ̀ wá àyè sí ọdún kejì, ní ABU tàbí ní yunifásítì mìíràn tí ó ń gbà á. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù JAMB ti Direct Entry, ìyẹn ti ẹni tí ó ń wọlé sí ọdún kejì, kò ṣeé fò dá.

Bí orúkọ bá jáde, iṣẹ́ kò tíì parí. Orí CAPS, ibi tí JAMB ń kó orúkọ àwọn tí ó wọlé sí, ni ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Nígbà mìíràn, kọ́ọ̀sì tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó béèrè ni yóò bá níbẹ̀. Kí ẹ jókòó sọ̀rọ̀ kí ó tó tẹ ohunkóhun, nítorí pé ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ láìròó ni yóò fi ọdún mẹ́rin kọ́ ohun tí kò fẹ́. Ní ti owó, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba lówó láìsí èlé, ilé ìwé ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà.

Ẹ má ṣe gba yàrá kí ẹ tó mọ ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin tí ó bá gbalé sí Sámárù yóò máa wọ ọkọ̀ lọ sí Kóńgò lójoojúmọ́, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ ìṣègùn yóò dé ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ṣíkà, níwájú Sámárù lójú ọ̀nà Fúntúà.