Àkèré Pọ̀ Nínú Táńkì, Ọmọ Bàbá Kan Ni Wọ́n: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Sin Àkèré Ìwádìí

Ìwé yìí wà fún ẹni tó bá ń sin àkèré, ì báà jẹ́ ní yàrá ìwádìí, ní ilé ìwé tàbí nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja, adìẹ tàbí ehoro náà lè bá wa kà á, torí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sún mọ́ra jù lára àkèré náà ló ṣe ń rí lára wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: àkèré inú táńkì lè pọ̀ bí eṣú, kó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ka orí nìkan, tí kò ka ìdílé, ìran ẹran rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ, kò tíì mọ̀ ni.

Àwọn àkèré tí à ń sọ

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni Xenopus laevis, àkèré eléèékánná ti gúúsù Áfíríkà. Kò ní ahọ́n, inú omi ló ń gbé, ìka mẹ́ta ló sì ní èékánná dúdú ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n rí i pé bí wọ́n bá gún abo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ aláboyún, á yé ẹyin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wọ́n wá ń kó o káàkiri ayé fún àyẹ̀wò oyún, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Ara rẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Gurdon ti ṣe iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 2012.

Èkejì ni Xenopus tropicalis ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ó sì tètè ń dàgbà: oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló fi ń tó gùn, nígbà tí laevis lè lò tó ọdún kan sí méjì. Ìran rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian ni wọ́n fi ka gbogbo àbùdá (ohun àjogúnbá) ẹ̀yà yìí, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2010. Ti laevis jáde lọ́dún 2016.

Ibi tí ewu wà

Àbùdá ni àwọn ohun àjogúnbá tó ń pinnu bí ara ẹ̀dá yóò ṣe rí. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń wà: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tó bàjẹ́ sábà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ èyí tó dára, ẹran náà á sì máa rìn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ wo àfín àkèré. Akọ dúdú àti abo dúdú lè bí àfín, bí àwọn méjèèjì bá gbé àbùdá àfín pamọ́. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ni a lè retí pé yóò funfun. Àfín a máa hàn sójú. Àmọ́ àwọn mìíràn tó sá pamọ́ lọ́nà yìí ni ọkàn tí kò lágbára, ẹyin tí kì í pa, ara tí àrùn tètè ń wọ̀.

Bí ẹ bá fi ọmọ ìyá gun ọmọ ìyá, èyí tó bàjẹ́ lára ọ̀kan ti lè wà lára èkejì tẹ́lẹ̀. Ìdámẹ́rin nínú onírúurú àbùdá tí àwọn òbí wọn ní ló máa lọ lára àwọn ọmọ, ìyẹn 25 nínú 100. Bí ẹ bá tún fi àwọn ọmọ náà gun ara wọn, ó di 37.5. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdajì ti lọ. Pẹ̀lú tropicalis, ìran mẹ́ta yìí kò gbà tó ọdún méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá rí àbùkù.

Ìṣirò tó yẹ kí gbogbo olùsìn mọ̀

Ẹ ka iye akọ tó bí ọmọ àti iye abo tó bí ọmọ. Ẹ sọ akọ di ìlọ́po abo, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ wá fi àpapọ̀ akọ àti abo pín in. Ká ní akọ 1 àti abo 39 ni ẹ fi bímọ. Ogójì àkèré ni ojú rí, ṣùgbọ́n 3.9 ni ìṣirò (1 × 39 × 4 ÷ 40) yóò gbé jáde. Ogójì yẹn ò tó mẹ́rin ní ti ẹ̀jẹ̀! Bó bá jẹ́ akọ 20 àti abo 20, ogójì náà ni ìṣirò máa fún yín. Ti àkọ́kọ́ ń pàdánù ohun tó lé ní 12 nínú 100 onírúurú rẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ti èkejì ń pàdánù 1 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètọ́jú ìran ẹran gbà pé kí ìṣirò yìí má ṣe dín sí 50.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé abo kan yé ẹyin tó dára gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, olùsìn sì kó gbogbo ọmọ tó fẹ́ tọ́ láti ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, táńkì kún, ó da ti àwọn abo yòókù nù. Ìdílé kan ló kù sí i lọ́wọ́ yẹn. Iye ọmọ kan náà ni kí ẹ mú nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí ìdílé bá jẹ́ mẹ́wàá, akọ méjì àti abo méjì láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju ogójì láti inú èyí tó dára jù lọ.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n

Ẹ gbé ọpọ́n pẹlẹbẹ kan síwájú, kí ẹ ka ẹyin 100 sínú rẹ̀. Ẹyin àkèré ní apá dúdú, ó ní apá ràkọ̀ràkọ̀. Bí àtọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, apá dúdú á yí sókè láàárín ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ẹ ó rí ìlà kan tó là á láàárín, bí ìgbà tí a fi òwú tín-ín-rín dì í. Ẹ kọ iye tó là. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ iye tó pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ iye ọmọ onírù tó ń lúwẹ̀ẹ́ geere, kí ẹ sì kọ iye èyí tí ìrù rẹ̀ wọ́, èyí tí ikùn rẹ̀ kún fún omi, èyí tó ń pòòyì lójú kan. Ẹ máa ṣe èyí fún gbogbo yíyé, inú ìwé kan náà.

Bí iye náà bá ń lọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo omi: kílóríìnì àti òtútù tàbí ooru tó pọ̀ jù lè ṣe ohun kan náà. Bí omi bá dára, ẹ mú abo kan nínú ìran yẹn, kí ẹ fún un ní akọ tí kò bá a tan rárá. Bí àwọn ọmọ wọn bá jí pépé, tí àwọn ọmọ tí abo náà bí fún ìbátan rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tuntun

Ẹ mú un wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní àkọsílẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú omi tirẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n tirẹ̀, títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní chytrid, torí Xenopus lè gbé e kiri láìṣàìsàn, kó sì pa àkèré mìíràn. Ẹ má fi tropicalis gun laevis: kúrómósómù (okùn tó gbé àbùdá) 20 ni ti ọ̀kan, 36 ni ti èkejì. Èyí tí ẹ kò bá sì fẹ́ mọ́, ẹ má dà á sódò. Bí wọ́n ṣe dà á sódò ló ṣe di ìyọnu fún àwọn ẹ̀dá inú omi ní Chile, Kalifọ́níà àti Faransé.

Àkọsílẹ̀ kò le. Àwọ̀ ẹ̀yìn laevis kò dọ́gba lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí náà ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ bàbá, ìyá àti ọjọ́ ìbí sábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ìran tí wọ́n ti tọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó dojú rú nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ bàbá sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni

Àwọn ìran kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan. Ìran J ti laevis, tí wọ́n ṣe ní Japan, jọra dé ibi pé bí wọ́n bá gé awọ lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì, á gbà á bí awọ ara rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣeyebíye fún olùwádìí, torí bí àbájáde bá yàtọ̀, kì í ṣe àbùdá ló fà á. Gbogbo ìmọ̀ràn òkè yìí dorí kodò níbí: akọ àjèjì kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Ẹ pín wọn sí táńkì méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àrùn kan má baà kó gbogbo wọn lọ, kí ẹ sì bẹ ibùdó tó ní ẹ̀rọ nitrogen olómi (afẹ́fẹ́ tí wọ́n mú tutù títí ó fi di omi) pé kí wọ́n bá yín fi àtọ̀ díẹ̀ pamọ́. Ẹ wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ ìran náà sára táńkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá wá bá yín fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tí ẹ ò sí nílé má baà da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì.