Bí Mo Ṣe Kúrò Nídìí Ìṣirò Owó Bọ́ Sídìí Sáíkọ́lọ́jì

Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, Second Class Lower ni mo sì fi jáde. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn àgbàlagbà àti aláìlera, ni mo rí ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Bàbá kan wà tí mo máa ń tọ́jú, kò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dá orin ṣọ́ọ̀ṣì, á gbè é dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì gbé mi dé ìdí sáíkọ́lọ́jì.

Mo ti rò pé àfi kí n tún lọ fi ọdún mẹ́ta gba dìgírì mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Másítáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní conversion, ẹni tó ti gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ọdún kan ni tí èèyàn bá gbájú mọ́ ọn nìkan, ọdún méjì ni tó bá ń fi iṣẹ́ kún un. Ọlọ́dún méjì ni mo mú, torí owó ilé kò ní dúró dè mí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá British Psychological Society, ẹgbẹ́ àwọn onísáíkọ́lọ́jì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí à ń wá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni GBC, ìyẹn Graduate Basis for Chartered Membership, ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì tí èèyàn kà kún ojú ìwọ̀n wọn. Láìsí GBC, ọ̀nà dókítọ́réètì tó ń sọni di clinical psychologist, ìyẹn onísáíkọ́lọ́jì tó ń tọ́jú aláìsàn, ti dí. Másítáàsì tí orúkọ sáíkọ́lọ́jì wà lára ẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fúnni ní GBC. Orúkọ yunifásítì nìkan kò tó o, torí ilé ìwé kan náà lè ní èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àti èyí tí wọn kò fọwọ́ sí. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá lórí ìtàkùn ẹgbẹ́ náà.

Ní ti owó, ìjọba máa ń yá ẹni tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ bá pé lówó fún másítáàsì. Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 lè yá tó £12,167, wọ́n sì pín tèmi sí ọdún méjì. Tí owó tí ẹ̀ ń gbà lọ́dún bá ti kọjá £21,000, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lé lórí ẹ̀ ni wọ́n á máa yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹni tó ti ní másítáàsì tẹ́lẹ̀ kò lè yá owó yìí, ì báà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ló ti gbà á. Ó dùn mí fún àwọn tí ibẹ̀ ti dá dúró.

Fọ́ọ̀mù tí mo fi wọ ilé ìwé kò le. Mo kọ nípa bàbá olórin yẹn, mo sì mẹ́nu ba àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí mo ṣe lórí OpenLearn ti Open University, kí wọ́n lè rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá.

Nínú kíláàsì nípa ìrántí ni mo ti gbọ́ ìtàn Henry Molaison. Lọ́dún 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá, wọ́n sì yọ púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀, ibi kan nínú ọpọlọ tó wà fún ìrántí. Láti ìgbà náà, nǹkan tuntun kì í dúró sí i lọ́kàn mọ́. Brenda Milner, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tó ṣèwádìí lórí rẹ̀, wá ní kó máa fi pẹ́ńsùlù tọ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìràwọ̀ kan, kó máa wo ọwọ́ ara ẹ̀ nínú dígí nìkan. Ọwọ́ ẹ̀ ń mọ́ sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí! Oríṣiríṣi ni ìrántí, wọn kì í sì í gbé ojú kan náà nínú ọpọlọ. Ara mi yá gágá lọ́jọ́ náà.

Statistics, ìyẹn ìṣirò inú ìwádìí, ló ń dẹ́rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jù. Ọwọ́ mi ti mọ́ nídìí nọ́ńbà, n kò bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń wò ó ní láti yí padà. Nínú ìwé owó, ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Níbí, iyèméjì fúnra ẹ̀ ni à ń wọ̀n, a sì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn obìnrin Yorùbá tó ń ṣe kíà lóru ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nípa oorun àti àárẹ̀ ọkàn. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè mi wò, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Ìyá kan gba ìwé náà, ó yọ awò, ó kà á tán, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé èyí ò ní dé Home Office?” (àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni wọ́n). Mo ní, “Rárá, mà. Orúkọ yín ò ní sí níbẹ̀. Tí mo bá ti kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀ tán, màá pa ohùn yín rẹ́. Tí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró.” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó sì gba bírò lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ààbò ẹni tí à ń ṣèwádìí lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú ìyá yẹn ni mo ti rí ìdí ẹ̀.

Másítáàsì yìí nìkan kò sọni di clinical psychologist o. Òfin ló ń ṣọ́ orúkọ yẹn, ọwọ́ HCPC, ìyẹn Health and Care Professions Council, ni ìwé orúkọ wọn sì wà láti ọdún 2009. Dókítọ́réètì ọlọ́dún mẹ́ta ló kù, NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, ló ń san owó rẹ̀ ní England, wọ́n sì máa ń bèèrè ìrírí iṣẹ́ kí wọ́n tó gbani. Iṣẹ́ assistant psychologist ni mo ń wá báyìí. Àwọn kan nínú wa gba ti PWP, ìyẹn Psychological Wellbeing Practitioner, tó ń ran àwọn tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà lọ́wọ́; iṣẹ́ gidi ni, owó oṣù sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí NHS bá sanwó ẹ̀kọ́ PWP fún máa ń dúró fún ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí kí wọ́n tó tún sanwó ẹ̀kọ́ mìíràn fún un. Ẹ bèèrè nípa èyí kí ẹ tó buwọ́ lùwé.