Ẹ fi pílòkéèsì àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ aṣọ rírán, ẹ má sì tú gbogbo ìlà tó bá wọ́

Ẹni tó fẹ́ kọ́ aṣọ rírán l'Abẹ́òkúta ò lè sọ pé òun ò ráṣọ rà. Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró ni pé wọ́n fẹ́ kí bùbá àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rán dà bíi ti télọ̀ tó ti wà nídìí iṣẹ́ láti ogún ọdún, tí ò bá wá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti maṣíìnì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní àwọn ò lẹ́bùn. Ẹ̀bùn kọ́ o jàre. Ẹ mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ tú nínú ohun tẹ́ ẹ rán, kẹ́ ẹ sì mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ máa tú gbogbo ẹ̀, aṣọ á ti ya kẹ́ ẹ tó rán an tán.

Maṣíìnì olówó ńlá ò pọn dandan. Butterfly dúdú tá a mọ̀ yẹn, yálà ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀, ó tó. Ìlà gbọọrọ nìkan ló mọ̀ ọ́n rán lóòótọ́, àmọ́ òun náà lẹ nílò báyìí, kò sì kàn án bóyá NEPA múná wá tàbí wọn ò mú un wá. Apá ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sí, tó bá yí sódìkejì òwú á lọ́ mọ́ra, abẹ́rẹ́ sì lè kán. Nọ́ńbà 14 ni abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa fi rán àdìrẹ àti àńkárá, 11 wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 wà fún jíìnsì. Ẹ wo ara abẹ́rẹ́ náà dáadáa, ẹ máa rí kòtò gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ibẹ̀ ni òwú ti ń wọ ojú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kì í bọnú maṣíìnì lódì, á kàn máa fo ojú rírán ni, ẹ ó sì máa rò pé wọ́n ta maṣíìnì tó ti bàjẹ́ fún yín.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ rárá, ẹ fa ìwé kan ya látinú ẹsásáìsì búùkù, ẹ má fi òwú sí maṣíìnì, kẹ́ ẹ máa rán an lórí àwọn ìlà ìwé yẹn. Tó bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi ife ya róńdò sórí ìwé míì, kẹ́ ẹ rán ìyẹn náà yí po. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí ìwé máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kú. Ẹ má wo abẹ́rẹ́ tó ń lọ sókè sódò o, etí ẹsẹ̀ maṣíìnì tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, òun ló ń jẹ́ kí ìlà tọ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ láàmú, ìyẹn kí òwú di wúruwùru sábẹ́ aṣọ. Ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn á wá máa tú bóbìn tí wọ́n ká òwú ìsàlẹ̀ sí yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òwú òkè ló sábà máa ń fà á: kò wọlé dáadáa síbi tí maṣíìnì ti ń fa òwú le, tàbí ẹ gbàgbé láti gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, ẹ tún òwú bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ di ìrù òwú méjèèjì mú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra.

Ó wá ku aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ bẹ télọ̀ àdúgbò kó fún yín ní àjákù aṣọ, dídà ni wọ́n máa ń dà á nù. Tọ́wọ́ bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ sí ọjà Ìtòkú lọ ra àdìrẹ, àdìrẹ ọwọ́ gan-an o, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àdìrẹ ọwọ́ ò retí pé kẹ́ ẹ rán an bí ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fi ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ìlà tó nípọn níbí á tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, ọwọ́ ìyá tó yà á ni. Oníko ńkọ́, tí wọ́n fi iko dì? Kò sí róńdò méjì tó rí bákan náà lára ẹ̀. Alábẹ́rẹ́ tiẹ̀ rèé tó jẹ́ pé aránṣọ bíi tiyín ló ṣe é, wọ́n á rán an, wọ́n á fà á le, wọ́n á pa á láró, wọ́n á wá tú òwú ẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àbààwọ́n kan náà ń padà wá léraléra lọ́gbọọgba lára aṣọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ire tó wà níbẹ̀ ni pé bátànì àdìrẹ ọwọ́ ò lè bára mu régérégé níbi ojú rírán, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi òwú aláwọ̀ aró rán an, bí ìlà yín bá tiẹ̀ ń jó, ta ló máa rí i?

Ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, kó súnkì tó bá fẹ́ súnkì, kí aró tó bá fẹ́ ṣí sì ṣí. Ẹ sá a síbòòji, ẹ lọ̀ ọ́.

Pílòkéèsì ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ torí ìlà gbọọrọ mẹ́rin péré ni, kò ní bọ́tìnnì, kò ní sípù. Ẹ wọn pílò yín. Ká ní ó jẹ́ íǹṣì 20 sí 30, íǹṣì 21 lẹ máa gé fún ìbú, 68 fún gígùn, yáàdì méjì aṣọ tí ìbú ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45 á sì mú méjì jáde. Ẹ ṣẹ́ etí kúkurú méjèèjì ní ààbọ̀ íǹṣì lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ rán an. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ojú ẹ̀ dáadáa wà lókè, ẹ wá ká etí méjèèjì wọlé kí ọ̀kan gun èkejì ní íǹṣì mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́ íǹṣì 30. Ẹ fi píìnì dè é, ẹ rán òkè àti ìsàlẹ̀ ní ààbọ̀ íǹṣì sí etí, ẹ rán an padà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ parí sí, kẹ́ ẹ yí i síta. Tí télọ̀ itòsí bá ní maṣíìnì wífùn, èyí tó ń fi òwú gba etí aṣọ kó má bàa tú, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín fi gba etí inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i.

Ẹ wá fọwọ́ méjèèjì fa ojú rírán yẹn dáadáa. Tó bá là, ẹ tú u. Ibi tí maṣíìnì ti fo ojú mẹ́ta mẹ́rin, ẹ tú u. Ibi tí ìlà ti sún mọ́ etí aṣọ ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ, ìyẹn náà ò ní pẹ́ já, ẹ tú u. Àmọ́ ìlà tó wọ́ díẹ̀ lára etí tẹ́ ẹ ṣẹ́, igun kan tó mú ju èkejì lọ, ẹ fi sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí àwọn aráalé rẹ́rìn-ín bó bá wù wọ́n, wọ́n á ṣáà forí lé e sùn lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń tú u, ẹ rọra lo bíléèdì o, òwú ni kẹ́ ẹ máa gé, ẹ má fa aṣọ, nítorí àdìrẹ tó ti ya kì í rọrùn láti tún ṣe.

Bùbá ló kàn. Pálí onígun mẹ́rin ni bùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, apá náà bẹ́ẹ̀, ọrùn nìkan ló lè dà yín láàmú. Ẹ kọ́kọ́ gé ọrùn ẹ̀ kéré, ẹ wọ̀ ọ́ wò, ẹ wá máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ọrùn tó bá ti fẹ̀ jù, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá rí àjákù àdìrẹ náà kẹ́ ẹ tó lè lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí télọ̀ tó bá yín wífùn da àjákù yẹn nù.