Bí A Ṣe Ń Sọ Àga Ògbólógbòó Di Ọ̀tun

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin tí ó máa ń gba àga, tábìlì àti àpótí tí àwọn ẹlòmíràn ti fẹ́ fi dáná, tí yóò sì sọ wọ́n di ohun tí ojú ń fẹ́ rí. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú àga bẹ́ẹ̀ nílé mọ̀, ni pé oríkèé àga, níbi tí orí igi kan ti wọ inú ihò igi kejì, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré kun àga tó ń mì. Ọ̀dà á dán, àga á sì tún máa mì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tí ẹ ní. Ìrókò àti apá jẹ́ igi líle tí ikán kì í tètè borí, nítorí náà kò yẹ kí a tìtorí ẹsẹ̀ kan tó yẹ̀ ju àga bẹ́ẹ̀ nù. Ti pákó òde òní tí wọ́n fi eérún igi àti góòmù tẹ̀ pọ̀ yàtọ̀: bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó sì ti wú, kì í padà sí bó ṣe wà mọ́, ẹ má ṣe dá ara yín lágara lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní lára igi, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ àga náà ní alẹ́. Bí ìyẹ̀fun igi bá wà lórí aṣọ náà ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ti oògùn kòkòrò igi sínú àwọn ihò náà, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tú oríkèé tó ń mì. Ẹ fi aṣọ bo igi náà kí ẹ tó fi òòlù onígi gbá a díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ̀ má bàa bó. Bí ẹnì kan bá ti kan ìṣó mọ́ ọn rí, ẹ fà á yọ, nítorí ìṣó a máa la igi, ọ̀rinrin ọ̀sà ìlú wa yìí sì máa ń mú kí ó dípẹtà. Ẹ wá ha góòmù àtijọ́ kúrò lára igi àti nínú ihò títí ẹ ó fi rí ojú igi gan-an. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Góòmù funfun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò kì í di igi mú bí kò bá ráyè wọ inú rẹ̀, ti àtijọ́ ló sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n fi awọ àti eegun ẹran sè láyé àtijọ́ a máa rọ̀ bí a bá fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná lé e. Bí orí igi bá ti tín-ín-rín ju ihò lọ, ọ̀rẹ́ mi a lẹ ẹ̀là igi pẹlẹbẹ mọ́ ọn lára, nítorí góòmù nìkan kò lágbára láti dí àlàfo.

Ẹ fi góòmù pa ojú méjèèjì, ẹ tì wọ́n bọ ara wọn, kí ẹ so okùn yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ní ìlọ́po méjì, kí ẹ ti igi kékeré bọ àárín okùn náà, kí ẹ sì máa yí i títí okùn yóò fi le. Góòmù tó bá yọ létí oríkèé, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lójú ẹsẹ̀, nítorí ibi tó bá gbẹ sí kì í gba òróró mọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wọn láti ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì, ẹ sì wọn ìkejì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, àga náà ti wọ́, ẹ tún un ṣe kí góòmù tó gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àkókò òjò.

Ní ti bébà tí a fi ń ha igi, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 120 sí lẹ́yìn, tó le díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí 180, kí ẹ fi 240 tó kúnná jù parí rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ìlà igi. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ rárá: òjé wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ a sì máa pa ọpọlọ ọmọdé lára. Ẹ rin ín, ẹ bo imú, ẹ sì kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù dáadáa.

Èmi kò fara mọ́ kíkun ìrókò ní ọ̀dà, nítorí ẹwà rẹ̀ wà nínú ìlà ara rẹ̀. Òróró tí àwọn tó ń ta ọ̀dà ń pè ní huile de lin (òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀) ni ọ̀rẹ́ mi máa ń fi aṣọ pa sí i, kó tó fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ má ṣe ká aṣọ tí ẹ fi pa á jọ: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ rì í sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Bí ibi ìjókòó bá ti já, ẹ gé rọ́bà inú táyà ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ hun ún lọ hun ún bọ̀ mọ́ férémù, kí ẹ sì fi tìmùtìmù tí a fi kíjìpá bò lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òróró náà gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó gbé aṣọ náà lé e, nítorí àbàwọ́n òróró kì í tètè fọ̀ kúrò lára kíjìpá.